Àáró ni a fẹ́, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń pè wá sí

Ìyá àgbàlagbà kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gbé màmá dé ibẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀nà ọ̀fun wọn kò sì gbé oúnjẹ mì dáadáa, nítorí náà wọ́n ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ihò imú wọn lọ sínú ikùn. Ibẹ̀ ni ògì ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni oògùn ń gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan tó wà ní ọdún kẹrin dúró ti tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ó ti da hóró oògùn mẹ́ta sínú ife, ó sì ti gbé ìdí ṣíbí lé wọn lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ físíò kan, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ bí a ti ń mú apá àti ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ padà bọ̀ sípò, ń retí kí wọ́n tètè ṣe tán kí òun lè gbé màmá jókòó. Ọmọ Fámásì tó tẹ̀lé mi wá ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú ife. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sísítà, ẹ má tíì lọ̀ ọ́. Nifedipine yẹn, èyí tó máa ń tú díẹ̀díẹ̀ ni."

Ẹni tí kì í fi ọwọ́ kan oògùn lójoojúmọ́ lè má mọ ohun tó ba ọmọ náà lẹ́rù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni Nifedipine, èyí tó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni irú tí wọ́n ṣe hóró rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi máa tú sílẹ̀ nínú ikùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí a bá fi ìdí ṣíbí fọ́ ọ, gbogbo ohun tó yẹ kí ara máa rí gbà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni yóò ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ bí ìgbà tí okùn fámi já sínú kànga, ewu ńlá sì ni èyí fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń wá ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó jáde kò kan oògùn rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní, "Dókítà ló kọ ọ́ síbẹ̀." Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ohun tí ọ̀gá òun pè nígbà ráúndì ni òun kọ, òun kò sì mọ irú èyí tó wà nínú páálí. Kálukú ti ń yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Àfi ìgbà tí ọmọ físíò, tí kò tíì la ẹnu láti òwúrọ̀, béèrè pé, "Ṣé bí ẹ ṣe lọ̀ ọ́ lánàá náà nìyẹn? Torí nígbà tí mo gbé màmá jókòó lánàá, ojú wọn ṣú, òógùn bò wọ́n. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni." Ọjọ́ méjì ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ oògùn kò mọ̀ pé wọ́n ń lọ̀ ọ́. Ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kò mọ̀ pé kò yẹ ní lílọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé kò yẹ ní lílọ̀ kò sí ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tó rí ohun tí ojú màmá rí kò sì mọ̀ pé oògùn ló fà á.

A pe dókítà àgbà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn tí a lè lọ̀ kí a sì pò mọ́ omi. Gbogbo rẹ̀ kò gbà wá ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá léèrè ohun tí wọ́n rò nípa kíkọ́ iṣẹ́ ìlera pẹ̀lú àwọn tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí tiwọn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú èrò tèmi. Apòògùn ni mí, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á, nítorí kò sí bí n kò ṣe ní fi ojú apòògùn wo ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Láti 1987 ni àwọn ará Britain ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀, CAIPE ni wọ́n ń pè é, nígbà tó sì di 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tirẹ̀ jáde. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wí kò yàtọ̀ síra: pé kí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa kẹ́kọ̀ọ́ nípa ara wọn, lọ́dọ̀ ara wọn, àti pẹ̀lú ara wọn, kí ìtọ́jú aláìsàn lè dára sí i. Ohun mẹ́ta ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀kẹta nìkan ni mo rí, ìyẹn náà kò sì kọjá pé ara wà níbi kan náà. Ní ọdún àkọ́kọ́, a máa ń kó ọmọ Médísìn, ọmọ Nọ́ọ̀sìn, ọmọ Fámásì àti ọmọ Físíò sínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo fún ẹ̀kọ́ Kẹ́místírì, àwọn tó dúró lẹ́yìn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó àwọn tó rí àyè jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ìyẹn ní kíkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, a jẹ́ pé àwọn èrò inú ọkọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀ sí Ìwó Road náà ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀.

Ohun kan wà nínú gbọ̀ngàn yẹn tí àwọn olùkọ́ kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ bá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kò kọ́ ìṣègùn ló jẹ́ pé ìṣègùn ni a kọ́kọ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Èmi náà kọ ọ́. Máàkì mi kò tó, wọ́n fún mi ní Fámásì, bàbá mi sì ń sọ fún àwọn ará àdúgbò fún odidi ọdún kan pé "ó máa tó kọjá síbẹ̀." N kò kọjá síbẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé n kò kọjá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ló gbà mí kí n tó lè sọ ọ́ láìsí pé ohùn mi yí padà. Nítorí náà, nígbà tí a bá kó àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ sí ojú kan tí a ní kí wọ́n "mọ iyì ara wọn," ẹ rántí pé ẹnì kan nínú wọn ń wo ìjókòó tó rò pé tòun ni, ẹnì kejì sì ti gbọ́ látọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí rẹ̀ pé òun ló gbégbá orókè. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bóyá ojú ọgbẹ́ náà ti jinná.

Ìyapa tó dunni jù lọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún kejì a ṣì jọ ń ka ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, a ṣì jọ ń yá ara wa ní ìwé. Ọmọ Médísìn kan àti èmi jọ gbé yàrá kan náà. Òun ló ń jí mi fún ìdánwò, èmi ni mò ń se ẹ̀wà. Nígbà tí àwọn tirẹ̀ kó lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n wọ kóòtù funfun, ìkíni wa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. N kò rò pé ìgbéraga nìkan ni. Àwọn olùkọ́ wọn ń kọ́ wọn lójoojúmọ́ pé àwọn ni yóò dáhùn bí aláìsàn bá kú, àwa náà sì ń gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tiwa lójoojúmọ́ pé dókítà kò mọ oògùn. Ẹ̀kọ́ méjèèjì wọ̀ wá lára.

Ní ti ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn mẹ́rin ti bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ Médísìn máa bi òun ní ìbéèrè tó ju "ibo ni ìbọ̀wọ́ wà" lọ. Ọmọ Fámásì ní àyà òun já kí òun tó sọ̀rọ̀, àti pé bí kì í bá ṣe pé mo dúró lẹ́yìn òun, ó ṣeé ṣe kí òun dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ físíò ní kò sẹ́ni tó máa ń bi àwọn léèrè ohunkóhun, pé àwọn máa ń kọ ohun tí àwọn rí sínú fáìlì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fáìlì ni ewé tiwọn máa ń wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló dáhùn kẹ́yìn. Ó ní òun gbádùn rẹ̀, òun sì kọ́ ohun tí òun kò ní gbàgbé, ṣùgbọ́n kò ní jáde nínú ìdánwò, àwọn sì ní ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbínú kọ́kọ́ gbà mí. Nígbà tó yá ni mo rí i pé òun ló sọ òótọ́ jù nínú àwọn mẹ́rin.

Àwọn onímọ̀ ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wọn irú èrò báyìí. Èyí tí wọ́n ń lò jù, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Britain ní 1999, ní gbólóhùn 19, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa mú bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nínú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ bóyá ó dára kí àwọn jọ máa kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ á ní ó dára. Ta ló fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fẹ́ àjọṣe? Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn gbólóhùn náà tó máa ń tú àṣírí. Ó ní olórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ti àwọn físíò ni kí wọ́n máa ran dókítà lọ́wọ́. Mo ka gbólóhùn yìí sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ mẹ́sàn-án kan tó jókòó yí mi ká. Ọmọ Nọ́ọ̀sìn méjì pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Médísìn kan ní, "Ó dà bíi pé òótọ́ ni, àbí?" kò sì ní ọ̀rọ̀ àrífín lọ́kàn rárá. Nínú ìṣẹ́jú kan yẹn, mo rí ohun tí fọ́ọ̀mù náà kò fi hàn mí fún ọdún méjì.

Àwọn àgbà tó ń dáko mọ ìyàtọ̀ láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, oko tèmi ni a ó lọ lónìí, oko tìrẹ lọ́la, oko ti lágbájá lọ́túnla. Ẹni tó ń kọ ebè lónìí ni yóò dúró tí àwọn ẹlòmíràn yóò bá kọ tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹnì kan ló ni oko, òun ló bẹ ọ̀wẹ̀, òun ni yóò se oúnjẹ, nígbà tí iṣẹ́ bá sì parí, oko rẹ̀ ni gbogbo wa tún ṣe. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀wẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi orúkọ àáró pè é. Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti ìṣègùn, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ báyìí, ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kí àwọn wá jọ kẹ́kọ̀ọ́, oko ọmọ Médísìn ni àwọn ń bá ara àwọn. Olùkọ́ ìṣègùn ló yan aláìsàn, àrùn tí ọmọ Médísìn ń kà lọ́wọ́ ni wọ́n yàn, ọmọ Médísìn ló ń sọ ìtàn aláìsàn, nígbà tó bá sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n á ní, "Fámásì, ṣé ẹ ní nǹkan láti sọ?" Wọ́n á ti kọ́kọ́ fi "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" ṣí ètò ná. N kò rò pé mo tíì lọ sí irú ìpàdé yìí rí tí wọn kò pa òwe yẹn.

Àwọn aláìsàn náà ń dá kún un, láìmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọkùnrin yóò wọ wọ́ọ̀dù, wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́." Ọmọbìnrin tó ti lo ọdún márùn-ún nídìí ìṣègùn yóò wọlé tẹ̀lé e, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi gbé póò." Mo ti rí i tí ọmọbìnrin kan fi ìbínú dáhùn pé, "Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì!" nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́ta dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí ohun tí wọ́n rí lára obìnrin tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ ni àwọn mẹ́ta yẹn gbé lọ sílé.

Àti pé, kí la fẹ́ kí wọ́n máa wò nígbà tí àwa àgbà ń jà? Ní 2018, JOHESU, àjọ tó kó ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà pọ̀, yanṣẹ́ lódì fún ohun tó lé ní 40 ọjọ́ nítorí ìtò owó oṣù tiwọn àti ti àwọn dókítà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ní ọdún mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n ń da iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Ní àsìkò bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tó yẹ kó kọ́ wọn bí a ti ń bá ara ẹni ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ tó ń sọ nínú kíláàsì pé "àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ń wá ipò tí kì í ṣe tiwọn." Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, n kò yọ ẹ̀gbẹ́ tèmi sílẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù oní-gbólóhùn 19 tó lè fi ọ̀sẹ̀ kan tún èyí ṣe.

Ìdí mìíràn kò ní ìjà nínú, àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ lásán ni. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àjọ tirẹ̀ tó ń fọwọ́ sí ohun tí wọn yóò kọ́ àti wákàtí tí wọn yóò fi kọ́ ọ: ti dókítà lọ́tọ̀, ti nọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, ti apòògùn lọ́tọ̀, ti láàbù lọ́tọ̀, ti físíò lọ́tọ̀. Ọdún mẹ́fà ni ti ìṣègùn, ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ti wà tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ọmọ Nọ́ọ̀sìn wà ní wọ́ọ̀dù, ọmọ Fámásì wà nídìí ìdánwò. Nígbà tí ọmọ Fámásì bá ráyè, ọmọ Médísìn ti lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé. Olórí ẹ̀ka tó bá fẹ́ mú wọn pàdé gbọ́dọ̀ bẹ olórí ẹ̀ka mẹ́rin mìíràn, ọ̀kan nínú wọn yóò sì ní kí ó kọ lẹ́tà.

Àwọn kan ti gbé e ṣe níbòmíràn o. Ní Linköping, ní Sweden, wọ́n ya wọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ ní 1996 tó jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ti nọ́ọ̀sì àti ti físíò ni wọ́n jọ ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, lábẹ́ ojú àwọn ọ̀gá. Aláìsàn gidi, iṣẹ́ gidi, kò sí eré nínú rẹ̀. Àbúrò mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Britain sọ fún mi pé dandan ni fún àwọn láti jọ ṣe ìdánrawò pẹ̀lú ọmọ Médísìn àti ọmọ Fámásì, lórí ère rọ́bà tó ń mí bí èèyàn. Ìlànà tí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apòògùn níbẹ̀ gbé jáde ní 2021 náà sọ kíkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ di dandan. Mo bi í bóyá àwọn ọmọ Médísìn ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ń bọ̀wọ̀ nítorí ọ̀gá tó ń wò wọ́n, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ti ń mọ́ wọn lára.

Kò pọn dandan kí a ra ère rọ́bà kankan. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ìgbèríko ní Ìbàràpá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà láàárín àwọn ará ìlú. Irú ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń rò pé ó yẹ fún àáró tí mo wí. Ní ìgbèríko, ọwọ́ kò pọ̀, ẹnì kan kò sì lè fara pamọ́ sẹ́yìn ipò rẹ̀. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ Médísìn sínú fọ́ọ̀mù. Bí àwọn ọmọ mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ bá jọ se ìrẹsì nínú ìkòkò kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n jọ pọn omi, tí wọ́n sì jọ lọ kí ìyá ìbejì kan nílé, wọ́n á kọ́ ohun tí ìdáńlẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan nínú gbọ̀ngàn tútù kò lè kọ́ wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹni tó ta kò mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn, ọmọ tó mọ̀wé dáadáa, tó sì ń bọ̀wọ̀ fúnni, sọ fún mi pé, "Mà, ẹ má bínú o. Bí gbogbo wa bá ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò pinnu? Bí ìyá yẹn bá kú, orúkọ tani wọ́n máa pè ní kóòtù?" Ó ní ẹ̀rù tó ń ba òun nípa kíkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ni pé wọ́n á máa kọ́ àwọn bí ẹni pé kò sí ẹrù tó wúwo ju ara wọn lọ, ìgbà tí àwọn bá sì dé ẹnu iṣẹ́, ẹrù yóò bọ́ sórí ẹnì kan. N kò lè pè é ní onígbèéraga. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ẹni tí yóò pinnu ló nílò etí jù. Dókítà tó kọ Nifedipine sí bẹ́ẹ̀dì kẹfà ló ni ìpinnu, kò sì mọ̀ pé ṣíbí wà nínú ìpinnu náà. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣíbí kò sí nínú ìwé wa, mà." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà fún mi tán, mo sì fẹ́ràn pé kò gbà fún mi tán.

Ohun tí à ń ṣe báyìí kò tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà kan, físíò kan, dókítà ọ̀dọ́ kan àti èmi máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ bá aláìsàn kan ṣoṣo tó bá gbà kí a wá. Kò sí owó nínú rẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí. Òfin méjì péré la ní. Èkíní ni pé ẹni tó bá ti wà lọ́dọ̀ aláìsàn náà pẹ́ jù lọ́jọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Èkejì ni pé aláìsàn tí a ó yàn gbọ́dọ̀ máa yí ká: lónìí, ẹni tí ìṣòro oògùn rẹ̀ le, nígbà mìíràn, ẹni tí ìdìde rẹ̀ nílẹ̀ ni wàhálà, nígbà mìíràn, ẹni tí èsì láàbù rẹ̀ kò yéni. Oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Bí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, àwọn ọmọ Médísìn máa ń dín kù, mo sì ti jáwọ́ nínú bíbínú sí wọn. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ni mo ń bínú sí. Ohun tí a kò bá fún ní máàkì, a ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kò ṣe pàtàkì, ohun yòówù kí a fi ẹnu sọ.

Olùkọ́ kan ní ẹ̀ka ìṣègùn ti sọ fún mi lójú pé mo ń ba àwọn ọmọ òun jẹ́. Olùkọ́ kan ní ẹ̀ka tèmi náà sọ pé mo ń fi àwọn ọmọ wa ṣe ẹrú fún dókítà. Mo fi èsì àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún ara wọn.

Màmá ti bẹ́ẹ̀dì kẹfà lọ sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi igi ìtẹ̀lẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ọmọ físíò dì wọ́n mú lápá ọ̀tún. Àwọn ọmọ mẹ́rin náà ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọn kò sọ fún mi títí ó fi di oṣù kejì tí wọ́n fi mí kún un. "Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà" ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ àwàdà àti ìráhùn nípa oúnjẹ. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn yẹn fi àwòrán páálí oògùn kan ránṣẹ́ láti wọ́ọ̀dù, ó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Wọ́n fẹ́ gba rọ́bà fún bàbá kan ní èyí. Ṣé ó ṣeé lọ̀?" Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí ọmọ Fámásì fi dáhùn: "Rárá. Sọ fún sísítà kí wọ́n dúró, mò ń pè ẹ́."